Àmì Dúdú Kan Lórí Máàpù Káúńtì Tolliver

Oko Strnad, Káúńtì Tolliver, Nebraska
Ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún, ọdún 1952

Zdenka ọmọ mi,

Mo kí ọ bí ẹni ń kí ọ̀gá. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje tí mo ti ń ṣí àpótí lẹ́tà bí ẹni ń yẹ pàkúté tí kì í mú ẹran wò. O ní máàpù tuntun ti káúńtì wa ti dé orí tábìlì rẹ ní Washington níbẹ̀, ìwọ gan-an ni wọ́n sì ní kí o ṣe é. O wá jókòó, ò ń ṣàlàyé fún mi ohun tí máàpù ń jẹ́. Ọmọ yìí, ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Èmi Bohumil Strnad ni mo ṣe máàpù àkọ́kọ́ tí káúńtì yìí ní, lọ́dún 1898. Kò sí òkè, kò sí ihò, kò sí odò tó ń ṣàn tàbí èyí tó ti gbẹ, tí kò gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá kó tó dé orí bébà.

Ó dáa. Láda aládùúgbò wa ṣì wà láyé, ó mọ ìtàn náà, ó sì lè kọ̀wé sí ọ. Ọ̀pá ni mo gbé. Ọ̀pá gígùn kan tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun, òun ni mò ń gbé dúró lórí òkè kí ọ̀gbẹ́ni awọnlẹ̀ tó ń jẹ́ Pettigrew lè fi awò wò ó láti ọ̀nà jíjìn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ṣe é, òjò sì lé wa wálé nínú méjì. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá dúró ṣánṣán, gbogbo òkè yín ni ì bá wọ́. Máa rántí ìyẹn nígbàkígbà tí o bá fẹ́ gbéra ga.

O béèrè orúkọ odò kékeré tó gba ẹ̀yìn ilé ìwé kọjá. Àwa ọmọ Bohemia ń pè é ní Odò Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn ará Ireland tó wà lápá òkè ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, mi ò lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà ọmọbìnrin. Tiwa ni kí o kọ.

O béèrè ilé. Ilé wà níbi tó wà. Èmi náà wà. Orúnkún mi ló ń sọ̀rọ̀ jù mí lọ láàárọ̀. Jọ̀wọ́, fi abẹ ìfárí ránṣẹ́ sí mi, èyí tó wà lọ́wọ́ mi kò fá irùngbọ̀n mọ́, ńṣe ló ń bẹ̀ ẹ́.

Ṣé o ti rí ọkọ? Láda ló ní kí n béèrè. Èmi ò dá sí i.

Èmi ni baba rẹ, awọnlẹ̀ àgbà,
Bohumil


Washington
Ọjọ́ ogún oṣù karùn-ún, ọdún 1952

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú oko, ẹ kú ìrọ́jú orúnkún. Abẹ ìfárí mẹ́wàá ló wà nínú páálí kékeré tó ń bọ̀ lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ẹ má fi gé tábà o.

Mo sọ ìtàn ọ̀pá yín fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní abájọ, òun ti ń wò ó tipẹ́ pé òkè kan wà lápá ìwọ̀ oòrùn Tolliver tó fẹ̀gbẹ́ dúró. Ẹ sọ fún Bàbá Láda pé mi ò tíì rí ọkọ, mi ò sì sọnù.

Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni iṣẹ́ mi dé orí oko wa. Báyìí là ń ṣe é. Ọkọ̀ òfuurufú kan kọjá lórí káúńtì wa lóṣù kẹsàn-án ọdún tó lọ, ó ń ya fọ́tò bó ṣe ń lọ. Àwa á wá to fọ́tò méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ awò olójú méjì, ilẹ̀ á sì dìde sí wa lójú bó ṣe ń rí sí ẹyẹ. Igi á dìde, ilé á dìde. Mo rí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń fa omi wa. Mo rí ilé ẹran, mo rí àká, mo rí ìlà igi méjì tí ẹ gbìn láti fi gba afẹ́fẹ́ àríwá dúró. Mi ò rí ilé. Láàárín igi, níbi tó yẹ kó wà, nǹkan dúdú kan ló tẹ́ pẹrẹsẹ síbẹ̀. Gbogbo nǹkan yòókù ló dìde, òun nìkan ni kò dìde.

Lórí máàpù ọdún 1898, ilé wa wà níbẹ̀: àmì dúdú kékeré oníhà mẹ́rin, kò tóbi ju ẹyọ kan lọ nínú irúgbìn pópì tí ìyá mi máa ń fi sínú àkàrà dídùn kolache. Ọ̀gá mi ní ohun tí kò bá sí nínú fọ́tò, kí n fi abẹ ha á kúrò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ onílé. Ó gbà, ó fún mi di ìparí oṣù keje, nítorí lẹ́yìn ìyẹn, máàpù ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé nìyẹn.

Ibo ni ilé wa wà, Bàbá? Mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi pé awò mi ló bàjẹ́.

Ọmọ yín,
Zdenka


Oko Strnad
Ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà, ọdún 1952

Zdenka ọmọ mi,

Awò rẹ ló bàjẹ́. O ní kí n sọ ọ́, mo ti sọ ọ́.

Bí ìyẹn ò bá sì tẹ́ ọ lọ́rùn, mo ní òmíràn. Mo mọ̀ ọ́n mọ́ ọ láti kékeré, ibi tí o bá ti ń kàwé lo ti ń jẹ búrẹ́dì. Èérún ló já bọ́ sórí fọ́tò ìjọba. Tàbí kẹ̀, ìkuukùu kan kọjá lọ́jọ́ náà, ó fi òjìji bo ilé. Tàbí kó jẹ́ pé ilé rí ọkọ̀ òfuurufú, kò tíì rí irú rẹ̀ rí, ó sì dọ̀bálẹ̀. Mú èyí tó bá wù ọ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n má ha nǹkan kan kúrò. Jókòó, kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí nípa àmì dúdú yẹn.

Nígbà tí Pettigrew fi gbé awò rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi lọ́dún náà lọ́hùn-ún, inú ihò ni mò ń gbé. Mo gbẹ́ ara gegele, mo fi ilẹ̀ oníkoríko tí mo gé bíi búlọ́ọ̀kù dí ojú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ejò á já bọ́ láti òkè sínú ọbẹ̀. Otylie ìyá rẹ wà lọ́dọ̀ baba rẹ̀ lódìkejì odò, bàbá náà sì ti búra pé ọmọ òun ò ní fẹ́ ọkùnrin tó ń gbé inú ihò bí òkété. Òkúta mẹ́rin ni mo ti ri mọ́lẹ̀ níbi tí mo fẹ́ kọ́lé sí. Òkúta mẹ́rin péré. Mo mú Pettigrew lọ síbẹ̀.

Mo ní, “Ọ̀gá, ilé mi rèé.”

Ó wo òkúta, ó wò mí. Ó ní, “Ìyókù rẹ̀ ńkọ́?”

Mo ní, “Ó ń bọ̀ lọ́nà.”

Ó ní, “Strnad, ohun tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n ní kí n kọ.”

Mo ní, “Ọ̀gá, ta ló gbé ọ̀pá yín kiri? Pẹ́pẹ́yẹ tí ẹ jẹ lánàá, tí ẹ tún béèrè itan rẹ̀ kejì, ta ló pa á?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹnu pẹ́ńsù gún bébà lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tí máàpù jáde, mo rà á, mo gbé e lọ bá baba ìyá rẹ. Mo ní ẹ wò ó, ìjọba Amẹ́ríkà jẹ́rìí pé mo nílé. Àná mi ò lè kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ àmì dúdú nígbà tó bá rí i. Kí òjò tó dá lọ́dún kejì, mo ti kọ́ ilé, nítorí kò dáa kí èèyàn sọ ìjọba di òpùrọ́.

Ṣé o rí i báyìí? Àmì lè ṣáájú ilé dé. Jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ìròyìn: àgbò Láda gun orí mọ́tò rẹ̀, kò sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Albina ìyàwó rẹ̀ ní ó ṣe tán, àgbò ló mọ ìwúlò mọ́tò náà.

Baba rẹ,
Bohumil


Washington
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, ọdún 1952

Bàbá mi,

Ẹ kú ìtàn. Mo kà á fún ara mi lẹ́ẹ̀mejì, mo rí ìyá mi nínú rẹ̀. Mo dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́. Bí òjìji ìkuukùu bá bo ilé, á bo ilé ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò bò ó. Bó bá jẹ́ èérún búrẹ́dì ni, kò lè wà lójú kan náà nínú fọ́tò méjì. Mo ti fi aṣọ tó mọ́ nu awò. Ti pé ilé dọ̀bálẹ̀, ọ̀gá mi ní òun ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Ẹ ní “ilé wà níbi tó wà.” Mo ti ka gbólóhùn yẹn títí, ó sì ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi bí ẹja. Èmi tí ẹ tọ́ dàgbà mọ̀ yín. Ìgbà tí ẹ bá ń sọ àpárá mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà ń dùn yín ni.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti kúrò nílé. Yàrá kan ni mo háyà níbí, fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ògiri. Bí ìlú yìí bá fún mi lọ́rùn, mo máa ń pa ojú dé, kí n sì máa rìn nínú ilé wa: ìdáná, àtẹ̀gùn kẹta tó ń ké bí ológbò, yàrá tí ìyá mi ti kú. Mo mọ ibi tí gbogbo ìṣó wà. Ẹ̀yin náà wá wò ó. Bí mo bá ha àmì yẹn kúrò láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi wó o. Bí mo bá sì fi í sílẹ̀ láìsí ilé níbẹ̀, irọ́ ni mo kọ, iṣẹ́ mi ni mo sì fi ń ṣeré.

Ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì wa máa gba ọ̀dọ̀ yín kọjá níbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, ó ń lọ káàkiri láti fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tí fọ́tò kò fi hàn dáadáa. Ẹ dákun, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Zdenka yín


Oko Strnad
Ọjọ́ keje oṣù keje, ọdún 1952

Zdenka ọmọ mi,

Ọkùnrin yín dé lọ́jọ́bọ̀. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́bàá àpótí lẹ́tà. Ọmọlúàbí ni. Oòrùn ti sè é pọ́n bí edé.

Ó ní, “Ẹ kú oòrùn, bàbá. Ṣé ẹ̀yin ni Strnad?”

Mo ní, “Kí ni wọ́n ní Strnad ṣe?”

Ó ní kò ṣe nǹkan kan, ilé rẹ̀ lòun fẹ́ wò. Mo ní, “Ó ṣe mí láàánú. Afárá já lójú ọ̀nà, mọ́tò rẹ ò lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wá síbí, tẹ̀ lé ìka mi.” Mo na ìka gba orí àgbàdo lọ.

Ó ní, “Ṣé èyí tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé yẹn?”

Mo ní, “Ojú rẹ dára. Ṣé o ti níyàwó?”

Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Kò tíì níyàwó. Mo fún un ní kolache mẹ́rin tí Albina ṣe, ó jẹ ẹ́ tán ní ìdúró. Mo ní mo ní ọmọbìnrin kan ní Washington tó ń fi ojú mẹ́rin wá ilé baba rẹ̀ tí kò rí i. Ó ní àwọn ti gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ náà ní ọ́fíìsì. Mo ní kó kí ọ.

Ó tán o. Ìjọba ti jẹ́rìí lẹ́ẹ̀kejì. Fi abẹ rẹ gé nǹkan mìíràn.

Baba rẹ,
Bohumil


Oko Strnad
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù keje, ọdún 1952

Zdenka,

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Ṣé ẹ̀wọ̀n lo wà ni? Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà bóyá ó ti ń jẹ lẹ́tà mi, ó ní tèmi kì í dùn.

Kọ̀wé, bó tiẹ̀ jẹ́ èébú.

Baba rẹ


Washington
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù keje, ọdún 1952

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò bínú. Mi ò mọ ohun tí mo lè kọ ni.

Àkọsílẹ̀ ọkùnrin náà dé orí tábìlì mi. Ó kọ ọ́ báyìí: “Ilé Strnad. Ó wà. Òrùlé aláwọ̀ ewé.” Bàbá, òrùlé Bàbá Láda ni aláwọ̀ ewé. Mo bá wọn jókòó lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kùn ún, èmi ni mo da ọ̀dà sí ajá lára. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí ní kí ló dé. Kí n tó dá a lóhùn, ẹkún ló ti ń jáde.

Mo tún gbé fọ́tò jáde. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò wo ibi ilé. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Ipa ẹsẹ̀ máa ń hàn láti òkè, funfun bí òwú ìránṣọ. Mo rí ọ̀nà kan láti ibi ẹ̀rọ omi lọ sí ẹnu àká. Nígbà tí mo wà nílé, kò sí ọ̀nà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún la máa ń lọ sí àká. Ta ló wá ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, débi pé koríko ò hù mọ́?

Mi ò ní béèrè ilé lọ́wọ́ yín mọ́. Iṣẹ́ wa ni mo fẹ́ sọ fún yín. Àmì tó dúdú yẹn, ibi tí èèyàn ń sùn ló túmọ̀ sí. Ilé tó wà lásán, tàbí tí ẹran àti ọkà wà nínú rẹ̀, a kì í kun inú tirẹ̀, òfìfo la máa ń fi sílẹ̀. Máàpù ò béèrè bí ilé ṣe tóbi tó. Ó fẹ́ mọ ibi tí ẹnì kan wà ni.

Ẹ sọ ibi tí ẹ ń sùn fún mi, kí n kùn ún. Mo ti bẹ ọ̀gá mi fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ni máàpù ń jáde lọ́wọ́ mi.

Ọmọ yín,
Zdenka


Oko Strnad
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje, ọdún 1952

Zdenka ọmọ mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Nínú àkọ́kọ́, mo ní ìjì ló jí ilé gbé lọ sí Kansas, wọ́n sì kọ̀ láti dá a padà. Mo ya á.

Inú àká ni mò ń sùn. Ó wà lápá ìlà oòrùn ẹ̀rọ omi, ìṣísẹ̀ mẹ́tàlélógún, mo tún un kà láàárọ̀ yìí kí o má baà ṣì í fi. Mo ti fi pákó tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Láda gbé bẹ́ẹ̀dì wá, Albina rán aṣọ sí ojú fèrèsé. Àwọn eku ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, a ti ń gbọ́ ara wa yé. Kun ibẹ̀, kí o sì ha èkejì kúrò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ láti oṣù kẹta ọdún tó kọjá. Ilé jó.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ jó mọ́ ọn, àti àpótí aṣọ rẹ̀, àti fọ́tò ìgbéyàwó wa. Àga kan àti agogo ara ògiri la rí gbé jáde, agogo náà kò sì ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo ní kí Láda má sọ fún ọ. Kò fẹ́ gbà, mo ní bó bá sọ ọ́, mi ò ní dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Má bínú sí i.

Kí òtútù tó dé nígbà náà, o kọ̀wé sí mi pé kí n gbá inú ihò èéfín, pé ẹni tó bá ń fi ṣùkù àgbàdo dáná, ẹ̀gbin rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ inú ihò náà, ó sì lè gbiná. Mo dá ọ lóhùn pé mo ti gbá a. Mo tún sọ bí mo ṣe yọ̀ lórí òrùlé tí ṣòkòtò mi kọ́ ìṣó, o sì kọ̀wé padà pé o rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ọ́. Mi ò gun òrùlé kankan. Àkàbà wà lọ́dọ̀ Láda, ó sì sú mi láti lọ gbé e. Orí tábìlì ni mo jókòó sí tí mo ti ro ọ̀rọ̀ ṣòkòtò yẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta. Yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Mo ki ṣùkù àgbàdo kún inú sítóòfù kí ilé lè gbóná dè mí, mo lọ ta káàdì lọ́dọ̀ Láda. Èmi ni mò ń borí. Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, Láda dìde, ó na ọrùn gba èjìká mi wo ojú fèrèsé tó wà lẹ́yìn mi. Mo rò pé káàdì mi ló fẹ́ yọjú wò. Mo gbá a mọ́ àyà, mo ní kó jókòó, olè.

Ó ní, “Bohumil, èéfín.”

Mo ní kó jókòó.

Ó tún un sọ. Mo gbọ́ ọ, Zdenka. Mo ta káàdì ọwọ́ mi tán kí n tó yíjú.

Baba rẹ,
Bohumil